Àwọn Tó Jókòó Lẹ́bàá Pápá Ìkòsì

Ẹni tó bá sọ fún yín pé Èkó kì í ṣe òkè òkun, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kò tíì kúrò nílé rí. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo sì ti fò jáde lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí tíṣà fẹ́ fi Faransé nà mí. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ ò fún wa ní nǹkan mọ́ tí mo dé Kétu ti Èkó, mo rò pé bí ìgbà téèyàn wọ yàrá kejì nínú ilé baba rẹ̀ ló máa rí.

Mo kí obìnrin kan létí títì bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Mo béèrè ara rẹ̀, mo béèrè ọkọ, mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè ewúrẹ́. Kí n tó dé orí adìyẹ, ó ti wọ mọ́tò, mọ́tò ti lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú nìyẹn. Ìkejì ni pé ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ju tèmi lọ pè mí ní Daddy. Mo wẹ̀yìn wò bóyá bàbá mi tó ti kú ló tẹ̀lé mi wá. Ìkẹta ni orúkọ tí wọ́n fún mi. Bàbá Kútọnu ni wọ́n ń pè mí. Mi ò gbé Kútọnu rí láyé mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo débẹ̀, òjò ló sì lé mi padà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá, Kútọnu ni lójú wọn, kò sí ohun tí ẹ lè sọ.

Ìdí iṣu ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Mile 12, mo ń bá wọn já ẹrù sílẹ̀. Ìsọ̀ àwọn oníṣu ò jìnnà sí ti àwọn onítòmátò, nígbà òjò sì rèé, omi tòmátò tó ti bàjẹ́ a máa ṣàn gba àárín ọjà kọjá. Mo rí ewúrẹ́ kan tó mu omi náà yó, tó ń dúró lẹ́nu ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó ń mi orí sí àwọn èèyàn. Ẹ lè má gbà mí gbọ́. Òun ló kọ́kọ́ kí mi ní kíkún ní Èkó.

Kò pẹ́ tí iṣu fi ba ìbàdí mi jẹ́. Mi ò lè gbé ẹrù mọ́, mi ò sì lè padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ni mo bá ń lọ jókòó ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́bàá pápá kan ní Ìkòsì, lẹ́yìn àwọn ilé tí wọ́n fi géètì yí ká, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Ìràwọ̀ Òwúrọ̀. Ọ̀gá Fẹ́mi ló ni ín, ọmọ Ìkòsì kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tó ti kó lọ sí Gbàgádà, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò bá a kó lọ.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan bóyá mo gbá bọ́ọ̀lù rí.

Mo ní, "Ọ̀gá, láyé tèmi, bọ́ọ̀lù awọ la máa ń gbá. Tí òjò bá pa á, á wúwo bí ìyá àgbà. Mo gbá ọ̀kan báyìí lọ́jọ́ kan, gólì mú un, bọ́ọ̀lù gbé e wọ inú igbó lọ. Ọjọ́ ọjà kejì la tó rí i. Ó ti fẹ́yàwó níbẹ̀."

Ọ̀gá Fẹ́mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni àwọn ọmọ mi nílò! Wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gbá o. Mẹ́ńtálítì ni ò sí. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ máa kì wọ́n láyà."

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì láti wá kì wọ́n láyà, wọ́n gbé àpò jẹ́sì tó dọ̀tí lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Bóyá ibẹ̀ ni mẹ́ńtálítì ń gbé, mi ò mọ̀.

*

Afọṣọ a máa mọ nǹkan. Jẹ́sì gólì, èjìká ló ti ń ya. Jẹ́sì àwọn tó wà lẹ́yìn, àwọn ọ̀tá ló ń fà á gùn. Ṣùgbọ́n jẹ́sì kan wà tí kò yé mi. Múfú ló ni ín. Ẹrẹ̀ a máa wà láyà rẹ̀, ẹrẹ̀ a máa wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí òógùn kankan níbẹ̀. Èmi náà sì ń wo bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò rí Múfú kó wọ pápá rí.

Atamátàsé ni. Ẹgbẹ́ kan l'Ókè Ọya ti mú un lọ rí, ẹgbẹ́ tó ń sanwó fún ẹlẹ́sẹ̀ ayò, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì ló jókòó sí níbẹ̀ náà títí ọdún fi yí, ó bá padà wálé. Nígbà tó dé, Kóòṣì wa ti rí ọmọ kan tó ń jẹ́ Sọ́jí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹnu olófòófó. Múfú bá tún jókòó. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé pápá, òun ló máa ń sáré jù lọ́jọ́ ìgbáradì, òun ló máa ń gbé omi fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ ìdíje. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Múfú, bẹ́ǹṣì yẹn ò tíì bímọ fún ẹ ni?"

"Ó ti lóyún," Múfú á ní, "ẹ̀yin lẹ máa sọmọ lórúkọ."

Á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á lọ sẹ́yìn ògiri. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀lé e, mo bá a tó ń yí jẹ́sì rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó ń ro ọkà.

Mo ní, "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Mummy mi máa ń yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ṣé ìyá rẹ ló ń fọ̀ ọ́ ni? Ṣebí èmi ni mò ń fọ̀ ọ́?"

"Mo máa ń gbé e gba ilé kọjá ná, kí n tó gbé e wá fún yín."

Mo wo jẹ́sì, mo wò ó. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ ni mo ti ń fọ ẹrẹ̀ tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Mo jókòó lórí bíríkì kan, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Ta ló máa ń ṣe báyìí? Ẹni tó bá fẹ́ puró pé òun lówó, á yá aṣọ tó dáa wọ̀. Ẹni yìí ń fi ẹrẹ̀ puró.

Ó bá jókòó tì mí, ó sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún mi. Ìyá rẹ̀, Àlàájà, ń ta tòmátò ní apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12. Kò wo bọ́ọ̀lù rí, lórí tẹlifíṣọ̀n pàápàá. Ẹ̀gbọ́n Àlàájà ọkùnrin ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Owódé Onírin, ó sì ti pẹ́ tó ti ń béèrè Múfú lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàájà ti wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Tí bọ́ọ̀lù ọdún yìí bá parí, tí o ò tíì di nǹkan kan níbẹ̀, ọjọ́ kejì ni wàá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi."

Múfú ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n yẹn ti rán aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ti kọ orúkọ mi sí i láyà."

"Aṣọ iṣẹ́ ò burú."

"Mo mọ̀ pé kò burú," ó ní. "Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Tó bá burú ni, ì bá rọrùn."

Èyí náà rú mi lójú.

*

Ọ̀gá Fẹ́mi pe ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó kó gbogbo wa jókòó sórí koríko, ó dúró bí pásítọ̀, ó ní kí olúkúlùkù sọ ohun tó ń tì í wá sí pápá. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń tì í, kò lè mọ ibi tó ń lọ.

Sọ́jí ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní Yúróòpù lòun ń lọ, pé òun ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ṣíbí jẹ ìrẹsì tútù. Gólì wa ní òun fẹ́ kí òun dé ìdí ọkọ̀ kan kí wọ́n má gba owó lọ́wọ́ òun. Ẹnì kan tó ń gbá ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ní bàbá òun ti sọ pé òun ò ní wúlò, pé ìdí rẹ̀ tí òun fi ń gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn, kó lè jẹ́ irọ́ ni bàbá òun pa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kan Múfú.

"Mi ò mọ̀, sà."

Ọ̀gá Fẹ́mi ní, "Báwo lo ò ṣe ní mọ̀? Ta ló ń gbé ẹ wá?"

"Ẹsẹ̀ mi, sà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Fẹ́mi mi orí, ó yíjú sí mi: "Ẹ rí i, Bàbá? Mẹ́ńtálítì!" Èmi náà mi orí. Ṣùgbọ́n mo padà délé, mo dùbúlẹ̀, mo bi ara mi ní ìbéèrè kan náà. Kí ló ń tì mí? Mo wá Èkó nítorí owó, owó ò wá. Mo dúró nítorí kí ni? Tí ọ̀gá yẹn bá bi èmi náà, ẹsẹ̀ kọ́ ni màá pè, torí ìbàdí ò jẹ́ kí n rìn dáadáa. Bóyá ìtìjú ni. Bóyá nítorí pé ní ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn pápá yẹn dára. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn nínú òkùnkùn, mi ò lè yà wọ́n.

Àwọn èèyàn a máa ní àjò ò dùn kí onílé má relé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ò sọ ohun téèyàn máa ṣe tó bá dé ilé tí wọ́n ń pè é ní àlejò. Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé lọ́dún kan, mo ṣèèṣì sọ "sà" fún alàgbà kan, gbogbo agbo ilé pariwo: "Ará Èkó dé!" Ní Kétu, tí ìjà bá dé lẹ́nu ẹ̀rọ omi, wọ́n á ní kí n padà sí Kútọnu. Ṣé ẹ rí bí ọ̀rọ̀ mi ṣe rí? Ilé ń pè mí ní ará àjò, àjò ń lé mi lọ sí ìlú tí mi ò ti wá.

*

Àsìkò yẹn, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ayé. Abẹ́ agbòòrùn obìnrin kan tó ń fi fóònù rẹ̀ gba owó ìpè ní Kétu ni mo ti máa ń pe ilé. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọkùnrin kan tó ní fóònù ló máa ń gbé e, á wá rán ẹnì kan lọ pe ìyàwó mi. Obìnrin alágbòòrùn á máa wo aago, èmi á máa gbọ́ adìyẹ ilé wa nínú fóònù. Mo mọ̀ wọ́n lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkùkọ pupa yẹn ṣì wà láàyè nígbà náà.

Ìyàwó mi dé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Wọ́n ní o ti wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù?"

"Mo ti wọ̀ ọ́."

"Pẹ̀lú ìbàdí yẹn?"

"Wọn ò nílò ìbàdí mi. Èmi ni olórí aṣọ."

Mo gbọ́ adìyẹ. Lẹ́yìn náà ó kígbe sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Wọ́n ti fi í jẹ Olórí Aṣọ l'Ékòó!" Mo gbọ́ ariwo ayọ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n obìnrin alágbòòrùn nawọ́ sí aago, mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo tún pè, wọ́n ti ra fìlà fún mi.

*

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, Múfú wá bá mi nídìí ọṣẹ, ojú rẹ̀ ti di bí ojú ẹja inú yìnyín.

"Bàbá, mo ti kú. Mummy mi ní òun ń bọ̀ wá wò ó fúnra òun."

"Ní pápá?"

"Ní pápá. Ó ní òun fẹ́ fi ojú òun rí ohun tí mo dà. Tó bá rí mi lórí bẹ́ǹṣì, Bàbá, ó ti parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà máa sọ nǹkan, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ."

Àlàájà dé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àpótí ìjókòó tirẹ̀. Obìnrin tó sanra ni, ó fi ìborùn funfun bo orí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn tòmátò. Mo kí i, mo gbé àpótí rẹ̀ síbi tí igi kan ti ń ṣẹ́ òjìji, mo sì jókòó tì í bí wọ́n ṣe rán mi. Mo ti to irọ́ jọ sínú bí ẹni to igi.

Wọ́n fun fèrè. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú oòrùn. Àlàájà ń wá ọmọ rẹ̀ kiri láàárín wọn. Nígbà tó pẹ́, ojú rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ àtíbàbà kékeré tí Kóòṣì wà. Múfú nìyẹn, ó jókòó, ó wọ ẹ̀wù òtútù ẹgbẹ́ tó mọ́ tónítóní, ó ń wo ilẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ọmọ mi nìyẹn?"

"Òun ni, Àlàájà."

"Tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá wọn?"

"Òun ni."

"Àwọn wọ̀nyí ń sáré nínú oòrùn, òun wà lábẹ́ ìbòòji?"

Mo la ẹnu, irọ́ ò tíì jáde, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alhamdulillah! Ẹ ò rí i! Wọ́n ti fi ọmọ mi ṣe àgbà!"

Ẹ gbà mí gbọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnu mi kò wúlò fún mi tó ọjọ́ yẹn, n kò sì tíì sọ nǹkan kan. Àṣé òótọ́ ni. Níbo layé yìí ni àgbà ti ń sáré tí ọmọdé ń jókòó? Nílé, lọ́jà, ní mọ́sálásí, ẹni tó bá jókòó lọ̀gá, ẹni tó bá ń sáré ni wọ́n rán níṣẹ́. Obìnrin yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó nídìí ìsọ̀, ó ń rán àwọn alábàárù. Kí ló tún fẹ́ rò?

"Aṣọ rẹ̀ ti ń mọ́," ó ní. "Tẹ́lẹ̀, ẹrẹ̀ ló máa ń gbé wálé."

"Wọ́n ti gbé e ga, Àlàájà."

"Àwọn tó jókòó yìí, ìgbà wo ni wọ́n máa ń dìde?"

"Tí ọ̀rọ̀ bá ti ju agbára àwọn ọmọdé lọ."

Ó mi orí bí ìgbà tí wọ́n sọ iye tí ó bá ọkàn rẹ̀ mu. Ó tú ẹ̀pà kúrò nínú àpò, ó fún mi jẹ. Mo ń jẹ ẹ̀pà, mo ń wo Múfú tó ń fi ìbẹ̀rù wò wá láti òdìkejì, mo ń rẹ́rìn-ín sí i kó lè mọ̀ pé gbogbo nǹkan ti dáa. Kò yé e.

Àwọn ọ̀tá gbá ọ̀kan sínú ilé wa. Lẹ́yìn ìsinmi, iṣan ká Sọ́jí lẹ́sẹ̀, ó lulẹ̀, ó ń ké. Kóòṣì yíjú, ó ní, "Múfú!"

Múfú bojú wẹ̀yìn, ó ń wá Múfú mìíràn.

"Múfú, ìwọ ni mò ń pè! Bọ́ ẹ̀wù!"

Láti ibi tí mo wà, mo rí i tó tú okùn bàtà rẹ̀, tó tún un so. Ohun tó ń retí fún ọdún mẹ́ta ló dé yẹn, ó sì dé lọ́jọ́ tí kò yẹ kó dé. Mo fẹ́ kó wọlé, mo fẹ́ kó jókòó. Mo ń fẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí mò ń gbàdúrà fún.

Ó wọlé. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, gbogbo èrò pariwo, "Ẹ dá a padà sí bẹ́ǹṣì!" Ìkejì, ẹnì kan tó sígbọnlẹ̀ bí òpó iná gbá a lójúgun, ó ṣubú lulẹ̀ gbàá.

Àlàájà ti dìde. "Kí ló dé? Kí ni ọmọ mi ṣe fún wọn?" Ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́rùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, èmi ń fi ìbàdí mi wọ́ tẹ̀lé e, ó dé iwájú Kóòṣì.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọmọ yìí bú yín ni?"

Kóòṣì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mummy, ẹ yà fún mi, mi ò ríran!"

"Kí ẹ tó ríran, ẹ sọ ohun tó ṣe! Ó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ní kó dìde lọ máa bá àwọn ọmọ kéékèèké sáré! Níwájú èmi ìyá rẹ̀!"

"Mummy, àkókò ti ń lọ!"

"Kó lọ! Ẹ pè é padà, kó wá jókòó!"

Ibi tí wọ́n ti ń bára wọn fà á ni igbe ńlá kan ti bẹ́. Èmi nìkan ló rí i láàárín àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bọ́ọ̀lù ti igun wá, Múfú ń gbìyànjú láti dìde nílẹ̀ níbi tí wọ́n tún ti tì í ṣubú, bọ́ọ̀lù bá a ní eékún, ó yí wọlé. Àwọn kan á ní ó gbá a. Èmi wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ló gbá Múfú. Ṣùgbọ́n góòlù ni góòlù. Wọ́n gbé e sókè. Ó ń wo ìhà ọ̀dọ̀ wa, ó ń wá ojú ìyá rẹ̀ àti ojú Kóòṣì, ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ló rí.

*

Àlàájà dájọ́ kó tó kúrò ní pápá. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn. Bó bá jẹ́ pé ọmọ mi á máa jókòó bó ṣe jókòó yẹn, mo fọwọ́ sí i. Kò ní lọ Owódé Onírin mọ́, kó máa bá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá tún sọ ọ́ di ẹni tó ń sáré, ọjọ́ náà ló máa wọ aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi rán."

Ìdájọ́ mìíràn tún wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fẹ́mi. Ó ti rí góòlù yẹn, ó ní ẹni tó lè dìde lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, mẹ́ńtálítì rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó ní tí ọdún tuntun bá bẹ̀rẹ̀, Múfú ló máa kọ́kọ́ wọ pápá.

Ẹ bá mi rò ó. Tó bá jókòó, ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí bọ́ọ̀lù. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù, ìyá rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́ àlọ́ púpọ̀, mo sì ti dá púpọ̀ sí i fúnra mi, mi ò gbọ́ irú èyí rí.

Múfú wá bá mi. "Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

Mo ti ní irọ́ mẹ́ta nílẹ̀ fún un. Àkọ́kọ́ dára. Mo ní kó sọ fún un pé ipò ń yí po bíi ti ọba, pé ọdún yìí ló kan òun láti sáré. Kò jẹ́ kí n dé orí èkejì.

"Rárá, Bàbá. Ó ti sú mi kí n máa yí aṣọ nínú ẹrẹ̀. Ẹ ṣáà tẹ̀lé mi lọ sọ́jà."

A bá Àlàájà nídìí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń ṣa èyí tó ti rọ̀ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Múfú dọ̀bálẹ̀ sínú omi tòmátò, pẹ̀lú ṣòkòtò tó dáa lára.

"Mummy, àwọn tó jókòó lọ́jọ́ yẹn, wọn kì í ṣe àgbà. Àwọn tí ò tíì dára tó ni. Láti ìgbà tí mo ti padà dé, ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Ọdún mẹ́ta. Ẹrẹ̀ yẹn, èmi ni mò ń yí aṣọ sínú rẹ̀."

Ọwọ́ Àlàájà dúró nínú apẹ̀rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Bàbá, òótọ́ ni?"

Mo wá irọ́ nínú ara mi, mi ò rí ọ̀kan. "Òótọ́ ni, Àlàájà."

Ó tún padà sídìí ṣíṣà. Ó ṣa tòmátò kan, ó ṣa òmíràn. Alábàárù kan wá pè é, ó fi ọwọ́ lé e lọ. Ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tí ì bá pariwo lọ.

"Ọdún mẹ́ta," ó ní nígbà tó yá. "Wọn ò sì lò ẹ́."

"Wọn ò lò mí, Mummy."

"O ò bínú kúrò."

"Mi ò bínú."

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Mummy. Mo mọ̀ pé tí n kò bá lọ, inú mi ò ní dùn ni."

"Àwọn ọmọ tí mo mú sídìí ìsọ̀ yìí," Àlàájà ní, bí ẹni pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, "tí ọjà ò bá yá lọ́jọ́ kan péré, wọ́n á ti sá lọ. Èmi náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo jókòó ti apẹ̀rẹ̀ kan títí ó fi jẹrà, mo sunkún lọ sílé." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Dìde nínú ẹ̀gbin yẹn. Lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹ. Màá bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Múfútàù: tí wọ́n bá tún ní kí o jókòó, má jókòó fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ìsọ̀ yìí ni kí o wá jókòó sí."

"Ṣé ẹ máa wá wò mí, Mummy?"

"Kí n wá wo ibi tí wọ́n ti ń gbá ọmọ mi nípàá? Mi ò wá."

Ó wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún tuntun, ó gbé àpótí rẹ̀ síbi igi yẹn, ó jókòó tì mí, bí rẹfirí sì ṣe fun fèrè, ó fa ìborùn rẹ̀ bo ojú. Mo bi í pé kí ló wá wò nígbà náà. Mi ò mọ ohun tó gbé e wá, bí mi ò ṣe mọ ohun tó ń gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ìgbàkígbà tí èrò bá pariwo, á di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un."

Èrò tún pariwo, èyí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìka rẹ̀ wọ inú ẹran ọwọ́ mi.

"Ṣé ó ti ṣubú?"

Mo wo pápá. Ó ti ṣubú, ojú rẹ̀ wà nínú koríko, kò mira. Mo dúró. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí mi ò tíì rí. Múfú fi ọwọ́ kan tilẹ̀, ó fi orúnkún kan tilẹ̀, ó wo ibi tí bọ́ọ̀lù lọ.

"Ó ti dìde," mo ní.

"Ṣé ó ń bọ̀ wá jókòó?"

"Rárá o, Àlàájà. Ó ti ń sáré lọ."